Rìpíìtì Nílé Bàbá Olúgbádé

Bí orúnkún bá lè dá ìrìn àjò lọ, orúnkún ọ̀tún Adéróunmú ì bá ti dé Ìlọrin kí olúwa rẹ̀ tó dìde lórí àga. Kò sí ibi tó jókòó sí tí kì í mì ín: ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú bọ́ọ̀sì, àní nínú yàrá ìdánwò ní Yunifásítì, níbi tí ọ̀gá tó ń ṣọ́ wọn ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, tábìlì àwọn ẹlòmíràn ń gbọ̀n. Ìṣirò ló kà. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù láyé ni kí ẹnì kan gbé àdììtú tó díjú ka iwájú rẹ̀, kó máa tú u bí ẹni tú òwú. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò fún un ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ọpọlọ kò lè tú, tí yóò sì gbé e káàkiri títí ara rẹ̀ yóò fi wó.

Àdììtú kan ló sì fi mọ Ọlárónkẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1962, ó jókòó sí ibùdókọ̀ ní Dùgbẹ̀, ó ń fi igi tín-ínrín fa ilà sórí iyẹ̀pẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì wá jókòó tì í. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀ ní ọsibítù Jẹ́ríkò, àìsùn sì ti pọ́n ọn lójú. Ó wo ilà náà títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń yà?"

"Odò ni," Adéróunmú dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹnì kan béèrè. "Ọkùnrin kan fẹ́ kó ẹkùn, ewúrẹ́ àti iṣu gba orí odò kọjá. Ọkọ̀ rẹ̀ kò gbà ju ẹyọ kan lọ pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀. Tó bá fi ewúrẹ́ ti ẹkùn, ẹkùn á pa á jẹ. Tó bá fi iṣu ti ewúrẹ́, iṣu á lọ sí i. Báwo ni yóò ṣe é?"

Ọmọbìnrin náà yán. "Kí ni ẹni tó ní ewúrẹ́ ń fi ẹkùn ṣe nílé?"

Adéróunmú gbé igi rẹ̀ kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ àdììtú yẹn, kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì Bódìjà dé, ó bá a wọ̀ ọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó bi í ní ìbéèrè kan tí kì í ṣe àdììtú. Ẹ̀bá ojú irin ni wọ́n dúró sí, rélùwéè sì ń fọn fèrè rẹ̀ kíkan kíkan. Rónkẹ́ dúró títí ariwo náà fi lọ tán.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. Lẹ́yìn náà ni ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n o kò tíì mọ bàbá mi."

*

Bàbá Olúgbádé ti ṣe hẹdimásítà títí ó fi fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìntì lára rẹ̀. Bí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀ ní Bódìjà, á dúró kí gbólóhùn náà parí kó tó mọ̀ bóyá òun yóò gbà á. Ìjọ Áńgílíkà ló ń lọ, òun ló sì máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò sí ọmọ ìjọ tó mọ Bíbélì tó o, kò sì sí ilé tí wọ́n ti ń lo Bíbélì bíi ti ilé rẹ̀.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní. Bí ọjọ́ ìbí ẹnì kan bá pé, Bàbá yóò fún un ní ẹsẹ Bíbélì kan tí yóò máa gbé fún ọdún kan. Bí ọjọ́ ìbí náà bá tún yí po, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò ìrẹsì, gbogbo ilé yóò jókòó yí tábìlì ká, wọn yóò sì sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹsẹ náà nínú ìwà onítọ̀hún, àti ibi tí wọ́n wá a tì. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá dára yóò gba ẹsẹ tuntun. Ẹni tí kò bá dára, Bàbá yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò sì ní, "Rìpíìtì." Nígbà náà ni onítọ̀hún yóò tún padà sí kíláàsì tó ti wà. Àwọn ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́ méjèèjì ti rìpíìtì títí wọ́n fi lọ sílé ọkọ. Rónkẹ́ nìkan ni kò rìpíìtì rí.

Ọjọ́ ìbí Rónkẹ́, nínú oṣù Èrèlé ọdún 1963, ni Adéróunmú kọ́kọ́ wẹsẹ̀ wọ ilé náà. Àǹtí Àpínkẹ́, àbúrò Bàbá tó ń ta aṣọ ní Gbági, ló mú un wá, nítorí òun ló gbà láti ṣe alárinà.

"Kí ni Bíbélì?" Bàbá bi í.

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, sà."

"Dígí ni. Ẹni tó wo dígí, tó rí ìpin lójú ara rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ, kí ló wò?"

"Kò wo nǹkan kan, sà. Ìwé Jákọ́bù, orí kìn-ín-ní—"

"Mi ò tíì parí." Bàbá wo orúnkún rẹ̀, tó ń lu abẹ́ tábìlì bí ẹni gún iyán. Omi inú ife ń yí. "Màá fún ìwọ náà ní tìrẹ. Wàá rí i nínú Sáàmù: ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run. Lọ gbé e. Ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, máa bọ̀ kí a wò ó. Tí o bá yege, a óò gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ní í sọ."

Nígbà tí wọ́n dé ìta, Adéróunmú ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Àna mi," Àǹtí Àpínkẹ́ ní, "mo mọ ẹ̀gbọ́n mi kí o tó mọ̀ ọ́n. Má tíì rẹ́rìn-ín."

*

Adéróunmú gbé ẹsẹ náà bí ó ṣe ń gbé ìṣirò. Ó wá gbogbo ìwé tí wọ́n fi túmọ̀ Sáàmù ní ilé ìkàwé, ó há ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ nípa rẹ̀ sórí. Nígbà tí ọjọ́ pé lọ́dún 1964, ó ti ní èsì fún ìbéèrè gbogbo. Àṣé Bàbá kò ní bi í ní ìbéèrè kankan. Ìtàn ló ń sọ, ìtàn gígùn kan nípa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà Abẹ́òkúta nígbà tó jẹ́ tísà kékeré. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró mu omi. Orúnkún Adéróunmú bẹ̀rẹ̀.

"Mo wá rí i pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà…" Bàbá ní, ó sì dúró.

"Ó ti já, sà!" Adéróunmú bá a parí rẹ̀.

 Ìyá Rónkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Kò já," ó ní. "Rìpíìtì."

Lọ́dún 1965, ó gba ọ̀nà mìíràn. Ó ti ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Ring Road nígbà náà, ó sì ti fi gbogbo ọdún kọ́ orúnkún rẹ̀ bí ẹni kọ́ ajá. Ó jókòó gbọnrangandan, ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ara wọn lábẹ́ àga. Kò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àǹtí Àpínkẹ́ ń ṣẹ́jú sí i, pé ó ku díẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, Bàbá yíjú sí i.

"O dákẹ́ dáadáa lónìí. Kí lo ń rò bí o ṣe dákẹ́ yẹn?"

Adéróunmú kò lè purọ́ fún un. "Mò ń ro ohun tí ẹ máa bi mí, sà, àti ohun tí màá fi dá a lóhùn."

"Ariwo náà ṣì wà, inú lo kó o lọ. Rìpíìtì."

Rónkẹ́ yege lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá fún un ní ẹsẹ tuntun: kí bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀ máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbà á láìrẹ́rìn-ín. Àmín rẹ̀ kò jáde dáadáa.

Àǹtí Àpínkẹ́ sin Adéróunmú dé ojú títì. "Ṣé o kò lè dúró jẹ́ẹ́ ni, ọkọ ọmọ mi?"

"Àǹtí, mò ń gbìyànjú."

"Ẹni tó ń gbìyànjú láti sùn, ṣé ó ń sùn?"

*

Ìyá Adéróunmú ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì Challenge, níbi tí àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú àti Èkó ti ń kó èrò. Ìjọ Aládùúrà lòun ń lọ ní tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá wá kí i ló máa ń bi í léèrè bóyá wọ́n ti gbà á wọlé síléèwé Bódìjà.

"Mọ́mì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi kọ́ ni mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìjọ tiwa, bí Ọlọ́run bá ní ọ̀rọ̀ sọ, á sọ ọ́, a ó sì gbọ́. Kì í fún èèyàn nídàánwò. Tó bá jẹ́ nítorí pé aṣọ funfun ni mò ń wọ̀ ni wọn ò fi fẹ́ ẹ, kí wọ́n là á mọ́lẹ̀."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò ní sọ ọ́. Olówe kì í ṣàlàyé." Ó ta búrẹ́dì fún awakọ̀ kan, ó sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà. "Ọmọbìnrin Ìyá Àbẹ̀ḿbí wà ní ìjọ wa tó ń kọrin bí ẹyẹ. Ojú mi ń rí ọmọ-ọmọ àwọn ẹgbẹ́ mi, Adéróunmú. Ojú yẹn ń di bàìbàì."

 Ohun tó ń ba Adéróunmú nínú jẹ́ ni pé òun kò mọ bóyá ìyá òun purọ́. Nígbà mìíràn, bí ọmọ kíláàsì kan bá dúró síwájú pátákó tí kò rí ìṣirò ṣe, ọwọ́ rẹ̀ á ti na láti já ṣọ́ọ̀kì gbà, ẹsẹ náà á sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: dúró jẹ́ẹ́. Á fi ọwọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà á rí i ṣe nígbẹ̀yìn. Ṣé ìdàgbàsókè nìyẹn, àbí ẹ̀rù Bàbá Olúgbádé? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀? Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu ta, ilẹ̀ là ń wà. Bí a bá sì ń wa ilẹ̀ náà lójoojúmọ́, ṣé iṣu náà á ta?

Ọdún náà burú. Nítorí ìbò, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun mọ́tò, àwọn tó sì fara pa ń kún ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń parí mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣáájú Kérésìmesì, Adéróunmú lọ dúró de Rónkẹ́ ní Jẹ́ríkò, lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ti gbẹ sí ìdí aṣọ rẹ̀.

"Màmá mi tún sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin olórin yẹn," Adéróunmú bẹ̀rẹ̀.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi." Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé koríko. "Ó ti rẹ̀ mí, Róunmú. Kì í ṣe ìwọ ló rẹ̀ mí. Ìdánwò yìí ló rẹ̀ mí. Nínú ibẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn ń kú. Tí mo bá délé, wọ́n á tún máa wò mí bóyá mo dàgbà. Kò sí ibi tí mo ti lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tí ẹnì kan kò ní máa wọ̀n mí."

"Oṣù Èrèlé ti sún mọ́lé. Mo ti rò ó, mo mọ ohun tí màá ṣe lọ́tẹ̀ yìí—"

"Má sọ fún mi." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Tí ọjọ́ ìbí yìí bá tún kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀, má wá mọ́. Lọ fẹ́ olórin màmá rẹ. Mi ò ní bínú. Mi ò lágbára ìbínú."

Adéróunmú fẹ́ jiyàn. Ó ní àlàyé lẹ́nu, tó tò bí ìlà ìṣirò. Ó wo ẹsẹ̀ Rónkẹ́ tó wú lórí koríko, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì.

*

Àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba nígbà tí oṣù Èrèlé ọdún 1966 wọlé, ìlú sì dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Sátidé ni ọjọ́ ìbí náà bọ́ sí. Adéróunmú lọ láìmúra ohunkóhun sílẹ̀. Bí àlùfáà bá tilẹ̀ ní kó gbàdúrà sí i, kò lè gbà á. Ó ti rẹ òun náà. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nígbà tó jókòó ni pé ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí òun yóò rí yàrá yìí: aago ara ògiri, àwòrán àwọn olùkọ́, ìkòkò ìrẹsì tí wọ́n fi aṣọ bò.

Rónkẹ́ wọlé tààrà láti ibi iṣẹ́, kò tíì pààrọ̀ aṣọ. Bàbá kọ orin, ó gbàdúrà, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹsẹ Ọlárónkẹ́. Ta ló ní ẹ̀rí?"

"Ó ní òun á wá wo ìyá tó bímọ ní Baṣọ̀run," ìyá rẹ̀ ní. "Òjò ń rọ̀, ó sì lọ."

"Ó ní aṣọ tí mo tà fún un kò dáa," Àǹtí Àpínkẹ́ ní, "lójú àwọn oníbàárà mi! Bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ó bà mí lọ́jà jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára. Ó ti ye—"

"Rárá, Bàbá. Mi ò yege."

Rónkẹ́ kò gbé ohùn sókè. Kò tilẹ̀ wo ẹnikẹ́ni. Orí tábìlì ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin tó jókòó yìí bi mí lẹ́bàá ojú irin bóyá màá fẹ́ òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mi ti di ẹ jẹ́ kí a máa wò ó. Àwọn ará ibi iṣẹ́ bi mí bóyá mo ní àfẹ́sọ́nà, mo ní mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní ẹsẹ náà, Bàbá. Mo gbé e. Mo wo ara mi nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tí mo sì rí ni pé onírọ́ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n rìpíìtì. Tàbí kí ẹ jẹ́ kí bẹ́ẹ̀ ni mi jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni."

 Ọmọ tí kò fèsì rí ni, ọmọ tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá yí orí díẹ̀díẹ̀ sí Adéróunmú. "Ìwọ lo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

"Rárá, sà."

"Kí lo ní sọ sí i?"

"Kò sí, sà. Ó ti sọ ọ́."

Bàbá ń wò ó. Ó wo abẹ́ tábìlì. Omi inú ife dúró bí dígí. Adéróunmú fúnra rẹ̀ kò mọ̀, ọ̀rọ̀ orúnkún kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá.

"Kí lo ń rò bí o ṣe dákẹ́ yẹn?"

"Mò ń rò pé kò tíì jẹun, sà. Láti àná ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

Gbogbo wọn wo ọwọ́ Rónkẹ́ lórí aṣọ tábìlì. Òótọ́ ni, ó ń gbọ̀n.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. Àǹtí Àpínkẹ́ di ojú, ó ń retí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Bàbá ń nu awò náà ṣáá ni, ó ń nu ibi tó ti mọ́.

"Ìyá Rónkẹ́," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ta ló ń fún èmi ní ẹsẹ nínú ilé yìí?"

"Ẹ kò béèrè rí, Bàbá Rónkẹ́."

"Mo béèrè báyìí."

Ìyá Rónkẹ́ tún ìró rẹ̀ ró kó tó sọ̀rọ̀. Ó dàbí ẹni tó ti gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí etí ìró láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe mú àwọn ọmọ yín bínú, kí wọ́n má baà rẹ̀wẹ̀sì. Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ sí àwọn ará Kólósè."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ ti kà á fún wa, sà."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó wo aṣọ funfun tó ti rún, ó wo ojú tó pọ́n, ó sì wo ọwọ́ náà. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo dígí. Nígbà tó ṣe, ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dùn.

"Rìpíìtì ni tèmi," ó ní. "Bu oúnjẹ fún ọmọ yìí. Bù ú kó kún." Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Àpínkẹ́, sọ fún àwọn ẹbí ọkùnrin yìí pé kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ. Kí ìyá rẹ̀ wọ aṣọ funfun rẹ̀ wá, tó bá wù ú."

Àǹtí Àpínkẹ́ kígbe "Halelúyà!" tí aago ara ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Ṣé mo yege ni, sà?" Adéróunmú béèrè, kò lè ṣe é kó má béèrè.

"Jẹun," Bàbá dá a lóhùn.

*

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Oòrùn ọ̀sán ń jó lórí páànù àwọn ilé Bódìjà, ọyẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Adéróunmú rò pé inú àwọn yóò dùn tí àwọn yóò fi fò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dà bí àwọn tó ru ẹrù dé ilé, tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ọrùn kò tíì gbà gbọ́.

"Mo ti ń fẹ́ bi ọ́," ó ní. "Ẹkùn yẹn àti ewúrẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì rí èsì ìbéèrè rẹ."

 Orí Rónkẹ́ ti ṣubú lé e léjìká, ó ti sùn lọ.

Ìdùnnú àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú Adéróunmú: ìdána, ìyá rẹ̀, ilé tí wọn yóò gbà. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe máa ń gbéra. Ó sì rántí pé tí orúnkún náà bá mì, bẹ́ǹṣì á mì, Rónkẹ́ á jí.

Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì dúró jẹ́ẹ́.